Ilé Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Ẹ̀rín-ò-tán Fẹ́ Tà

Obìnrin kan wà tí àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní Àǹtí Ẹ-jẹ́-n-wò-ó. Iṣẹ́ adíyelé ilé ló ń ṣe. Tí ẹnì kan bá fẹ́ ra ilé, tàbí tí báǹkì fẹ́ yá èèyàn lówó lórí ilé, òun ni wọ́n máa ń rán lọ wò ó kó lè sọ iye tó tọ́ sí i. Ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí débi pé kò lè wọ ilé kankan mọ́ láì fi ìka kan ògiri wò. Tí o bá ní kó wá jẹun nílé rẹ, kó tó jókòó, á ti gbójú sókè wo àjà bóyá omi òjò ti ń wọlé. Tí o bá sọ fún un pé ọjà kan dáa, á ní, "Ẹ jẹ́ n wò ó ná." Tí o bá ní o ti bá a wò ó, á ní, "Mo gbọ́. Ẹ jẹ́ n wò ó." Ibẹ̀ lorúkọ náà ti wá, kò sì bínú sí i.

Ìfura yìí kì í ṣe ti ibi iṣẹ́ nìkan. Ọkùnrin kan ti fẹ́ fẹ́ ẹ rí, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní mọ́tò wíwà. Ìgbà tí ọkùnrin náà gbọ́ pé ó ti lọ bi àwọn ará àdúgbò òun àtijọ́ léèrè irú ẹni tí òun jẹ́, ó ní òun ò lè fẹ́ ọlọ́pàá. Obìnrin náà ní ẹni tí kò fi nǹkan kan pamọ́, kí ló ń bà á lẹ́rù? Bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe parí nìyẹn. Ó ń dá gbé nínú fúláàtì kékeré kan tó fi owó ara rẹ̀ rà, lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta gíláàsì ojú. Ẹni tó sún mọ́ ọn jù láyé ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó wa ọkọ̀ ojú irin títí tó fi fẹ̀yìn tì.

Ọjọ́ Àìkú kan ni ẹ̀gbọ́n yìí pè é wá jẹun ọ̀sán. Wọn ò tíì gbé oúnjẹ dé tó ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọmọ tó jí ṣúgà lá.

"Mo ti rí nǹkan tí mo máa fi owó ìfẹ̀yìntì mi ṣe," ó ní bí oúnjẹ ṣe dé. "Ilé akẹ́kọ̀ọ́."

"Ilé akẹ́kọ̀ọ́ wo?"

"Èyí tó wà lẹ́yìn yunifásítì, alájà mẹ́ta, tí géètì ẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé. Ó kún fọ́fọ́. Ṣe làwọn ọmọ ń tò sẹ́nu ọ̀nà láti ríbi wọ̀. Owó ọwọ́ mi ò ká a, àmọ́ báǹkì máa yá mi ní ìyókù. Adíyelé tiwọn ti lọ wò ó, ó ní ilé náà tó iye tí onílé ń pè é."

Obìnrin náà gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀. "Ta ni onílé?"

"Ẹ̀rín-ò-tán ni."

Kò sẹ́ni tí kò mọ Ẹ̀rín-ò-tán nígboro. Orúkọ tí àwọn èèyàn sọ ọ́ nìyẹn, torí kò lè sọ gbólóhùn kan kó máà fi ẹ̀rín gbè é lẹ́sẹ̀.

"Bọ̀dá mi," obìnrin náà ní, "ilé tó kún fọ́fọ́, tí wọ́n tún ń tò sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, kí ló dé tí ẹni tó ni ín fẹ́ tà á?"

"Ọmọ ẹ̀ obìnrin wà nílẹ̀ òkèèrè. Ó fẹ́ lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀."

"Ẹ jẹ́ n wò ó."

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín láti kíṣìnnì. "Mo sọ fún wọn pé ohun tẹ́ ẹ máa sọ nìyẹn, àǹtí!" Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ń fi fọ́ọ̀kì ti oúnjẹ láti ẹ̀gbẹ́ àwo kan dé èkejì. Obìnrin náà rí i, ó sì fi í sọ́kàn.

Ẹ̀rín-ò-tán fúnra rẹ̀ ló mú wọn yí ilé náà ká. Ó sanra díẹ̀, bàtà rẹ̀ ń dán, ó sì ń pe obìnrin náà ní "àǹtí wa" bí ẹni pé wọ́n jọ dàgbà ni. Obìnrin náà ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi, omi tú yàà. Ó ká etí kápẹ́ẹ̀tì sókè ní kọ̀rọ̀, abẹ́ rẹ̀ gbẹ. Ó ki imú bọ inú kọ́bọ́ọ̀dù, kò gbóòórùn ọ̀rinrin. Ó ti ilẹ̀kùn tí wọ́n máa gbà sá jáde tí iná bá ṣẹ́ yọ, ó ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó gun àkàbà lọ wo òrùlé, ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú eruku léékún, kò rí páànù kan tó jò. Yàrá tí wọ́n bá kàn, èèyàn ló ń gbé e: ìwé ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì, aṣọ ń gbẹ lójú fèrèsé, ọmọkùnrin kan ti sùn lọ ní ọ̀sán gangan tòun ti ohun tó fi ń gbọ́ orin létí. Kì í ṣe ẹrù tí wọ́n yá wá fi tan èèyàn jẹ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gidi ló ń gbé ibẹ̀.

"Àǹtí wa, ṣé ẹ rí àléébù kankan?" Ẹ̀rín-ò-tán bi í.

"Mi ò tíì rí i."

"Kò tíì rí i!" Ọkùnrin náà kọjú sí ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rín gbé e. "Ẹ̀yin ò gbọ́? Ó ní òun ò *tíì* rí i!"

Ní ti òótọ́, ilé náà dáa. Ìyẹn gan-an ló ń kọ obìnrin náà lóminú. Bí wọ́n ṣe ń díye lé irú ilé bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ilé tí bàbá, ìyá àtọmọ ń gbé, èèyàn lè fi wé ilé míì bíi tirẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tà ládùúgbò, kó sì mọ iye rẹ̀. Ti akẹ́kọ̀ọ́ ò rí bẹ́ẹ̀. Owó tó ń tara rẹ̀ wọlé ni wọ́n ń wò. Wọ́n á kó owó yàrá ọdún kan jọ, wọ́n á yọ owó iná, owó omi, owó àtúnṣe àti ti ọlọ́dẹ, wọ́n á rántí pé nígbà họ́lidé ilé lè ṣófo. Èyí tó bá kù ni wọ́n á wá sọ di púpọ̀ ní iye ọdún tí ẹni tó rà á lè fi rí owó rẹ̀ kó padà. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá dọ́gbọ́n fi díẹ̀ kún owó yàrá, ìlọ́po mẹ́wàá irọ́ yẹn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló máa hàn nínú iye ilé. Obìnrin yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín-ò-tán náà ò sì lè ṣàìmọ̀.

Owó yàrá ibẹ̀ ga. Ó ga ju ti ilé tó dojú kọ ọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ilé yẹn náà ní omi, ó ní iná, géètì rẹ̀ kàn jẹ́ pupa ni. Kí ló wá lè mú kí akẹ́kọ̀ọ́, tó ń ṣọ́ owó ná, tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ kíláàsì, fi géètì pupa sílẹ̀ kó máa tò níwájú géètì aláwọ̀ ewé?

Lọ́sẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tí obìnrin náà ò fura sí. Ó fura sí adíyelé báǹkì pé wọ́n ti fi nǹkan sí i lọ́wọ́. Ó fura sí ọlọ́dẹ tó ń kí i ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tó yá, ìfura náà kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kí ló ń kán an lójú tó bẹ́ẹ̀? Kí ló dé tó ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí òun bá ti dárúkọ ilé náà? Ṣé kì í ṣe pé ẹ̀gbọ́n yìí àti Ẹ̀rín-ò-tán ti jọ mọ̀ ọ́n ni, kí báǹkì lè yá wọn lówó tó ju iye ilé lọ, kí wọ́n sì jọ pín èyí tó bá ṣẹ́ kù? Ẹ̀gbọ́n tó ti pọ̀n ọ́n rí! Ẹ̀gbọ́n tó fi owó oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́ ra bàtà ilé ìwé fún un! Bó ṣe rò ó tán ni ojú ara rẹ̀ tì í. Síbẹ̀ kò yé rò ó.

Ó padà lọ síbẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọlọ́dẹ ti dá a mọ̀, ó ní kó máa wọlé. Ó lọ jókòó sí yàrá ìfọṣọ nísàlẹ̀, níbi tí àwọn ẹ̀rọ ti ń kùn hùn-ùn. Ọmọbìnrin kan ń ká aṣọ níbẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà. Ṣé ẹ̀ ń wá yàrá fún ọmọ yín ni?"

Obìnrin náà ò bímọ. Àmọ́ kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. "Wọ́n ní owó ibí yìí ti le jù," ó ní.

"Èyí tí wọ́n pè fún yín yẹn? Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù, mà." Ọmọ náà rẹ ohùn sílẹ̀, kì í ṣe bí ẹni tó ń tú àṣírí, bí ẹni tó ń ṣàánú àgbàlagbà ni. "Tẹ́ ẹ bá ti san án sí báǹkì tán, ẹ lọ rí dádì onílé lọ́fíìsì wọn. Wọ́n máa dá owó bí oṣù mẹ́ta padà fún yín lọ́wọ́. Ẹ̀bùn káàbọ̀ ni wọ́n ń pè é."

"Ṣé gbogbo yín ni wọ́n ń fún?"

"Gbogbo wa ni, mà. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí la fẹ́ wá ṣe níbí? Géètì pupa yẹn náà dáa." Ó kó aṣọ sínú apẹ̀rẹ̀. "Ọdún yìí ni wọ́n fowó lé e, ọdún yìí náà ni ẹ̀bùn bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣáà má sọ pé èmi ni mo sọ fún yín o."

Inú obìnrin náà dùn, ká má parọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló ti ń fọwọ́ pa ògiri kiri, ó wá kan ibi tó sán. Owó tó wọ báǹkì pé, kò sí ayédèrú kankan níbẹ̀. Èyí tó ń gba ẹ̀yìn jáde ní ọ́fíìsì lẹ́yìn náà ni ẹnikẹ́ni ò rí. Ẹnikẹ́ni ò sì fi nǹkan kan sí adíyelé báǹkì lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n fi hàn án ló wò, ó sì kúrò níbẹ̀.

Láti ibẹ̀, ó gba ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ tààrà. Ẹ̀gbọ́n ò sí nílé, ìyàwó rẹ̀ ló bá nídìí sítóòfù. Ó rò ó fún un látòkè délẹ̀. Ìyàwó náà káwọ́ lérí.

"Áà! Owó àsansílẹ̀ wá ńkọ́, àǹtí? Ṣé ọkùnrin yẹn máa dá a padà ṣá?"

"Owó àsansílẹ̀ wo, ìyàwó wa?"

Ìyàwó náà pa ẹnu dé wàì, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti bọ́. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n wọlé bá wọn.

"Bọ̀dá mi, ẹ ti fún Ẹ̀rín-ò-tán lówó, ẹ ò sọ fún mi."

Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó jókòó, ó bọ́ bàtà kan, ó gbàgbé èkejì sẹ́sẹ̀. "Mo ti san án kí n tó pè ẹ́ wá jẹun. Ó ní ẹlòmíì fẹ́ gbà á mọ́ mi lọ́wọ́."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Torí pé mo mọ̀ ẹ́!" Ohùn rẹ̀ lọ sókè. "Kí ni mo mú wálé rí tó ò fi imú fín? Nígbà tí mo ra alùpùpù, o ní bóyá ṣe ni wọ́n jí i. Nígbà tí mo fẹ́ gbéyàwó, o lọ ń bi àwọn aládùúgbò wọn bóyá ó ti lọ́kọ rí."

"Háà," ni ìyàwó wí látìdí sítóòfù. "Mi ò gbọ́ ti ìyẹn rí o."



"Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi wa ọkọ̀ tí kì í ṣe tèmi," ni ẹ̀gbọ́n ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀ báyìí, "lórí irin tí ẹlòmíì tẹ́, tí mi ò lè yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Mo fẹ́ ṣe nǹkan kan tó jẹ́ pé èmi ni mo yàn án. Mo kàn fẹ́ kó o wò ó, kó o ní, bọ̀dá mi, ẹ kú oríire. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ọ̀rọ̀ náà wọ obìnrin náà lára ṣinṣin. Ó ti rò pé olè ló ń jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n òun máa gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú òun gan-an ló ń sá fún. Ó fẹ́ tọrọ àforíjì, àmọ́ báwo lèèyàn ṣe ń tọrọ àforíjì ohun tó rò sí ẹlòmíì, tí onítọ̀hún ò mọ̀ pé ó rò ó? Ló bá ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ bá a lọ́la. Ẹ jẹ́ kémi sọ̀rọ̀."

Ọ́fíìsì Ẹ̀rín-ò-tán wà lókè ibi tí wọ́n ti ń ta táyà, òórùn rọ́bà sì gba gbogbo àtẹ̀gùn kan. Obìnrin náà ò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó sọ ohun tó gbọ́, kò sọ ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀rín-ò-tán rẹ́rìn-ín. "Àǹtí wa, ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń ràn lọ́wọ́. Èwo ló burú níbẹ̀? Wọ́n san owó wọn, ó pé. Ohun tó bá wù mí ni mo lè fi owó mi ṣe lẹ́yìn ìyẹn."

"Òótọ́ lẹ sọ. Tẹ́ ẹ bá wá lọ bá ọmọ yín, ta ni yóò máa ràn wọ́n lọ́wọ́?"

"Bọ̀dá yín náà ńkọ́?"

"Tí bọ̀dá mi ò bá lágbára ẹ̀?"

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í to ìwé orí tábìlì rẹ̀.

"Géètì pupa ni wọ́n máa gbà lọ," obìnrin náà bá a sọ ọ́. "Á wá ṣẹ́ ku ẹ̀gbọ́n mi àti gbèsè báǹkì nínú yàrá òfìfo."

Ẹ̀rín ti kúrò lójú ọkùnrin náà. Wọn ò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Ojú àgbàlagbà tí ó ti rẹ̀ ló kù. Ó kọjú sí fèrèsé, ó ní, "Èló lẹ fẹ́ san?"

Obìnrin náà dárúkọ iye tí ilé náà máa jẹ́ tí wọ́n bá fi owó yàrá tòótọ́ ṣírò rẹ̀. Ó wálẹ̀ gan-an sí ti tẹ́lẹ̀, owó àsansílẹ̀ sì ti wà nínú rẹ̀. Ó ti di àmùrè rẹ̀ le, ó ti to gbogbo èsì tó máa fọ̀ sẹ́nu.

"Ó dáa," ni Ẹ̀rín-ò-tán wí.

Ó dáa? Wéré báyẹn? Ẹ̀gbọ́n ti na ọwọ́ síta kó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, àmọ́ ara àbúrò rẹ̀ ti tún fu. Ẹni tí wọ́n já owó ọjà rẹ̀ lulẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò janpata, ohun kan wà tí ó mọ̀.

Ló bá tún mú ọ̀nà pọ̀n. Ó lọ sí yunifásítì lọ bèèrè bóyá wọ́n fẹ́ kọ́ ilé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú ọgbà, torí ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́ tiwọn ni owó yàrá ìta máa já. Wọ́n ní rárá. Ó rí ilẹ̀ kan tí wọ́n fi páànù yí ká, ó yọjú wò ó, pápá bọ́ọ̀lù ni. Ó bèèrè bóyá wọ́n fẹ́ kó ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kankan lọ sí ìlú mìíràn. Wọ́n bi í pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ó wá di pé òun ni wọ́n ń fura sí. Ó wádìí bóyá títì máa gba ibẹ̀ kọjá, bóyá ẹnì kan ń bá onílé ṣẹjọ́ nítorí ilẹ̀. Kò rí nǹkan kan. Ó ti mọ́ ọn lára kó rí nǹkan kan lẹ́yìn ìwákiri. Èyí tí kò rí yìí ni ò jẹ́ kó gbádùn.

Ẹ̀gbọ́n lọ sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún báǹkì. Wọ́n tún ilé náà yẹ̀ wò, wọ́n dín owó tí wọ́n fẹ́ yá a kù, wọ́n sì ní àwọn ń fẹ́ onídùúró, ẹni tó máa san gbèsè náà bí ẹ̀gbọ́n ò bá rí i san. Ẹ̀gbọ́n ò bá àbúrò rẹ̀ sọ ọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n jọ wa ọkọ̀ ló lọ, oníkálukú sì ní ohun tó ń bá a fà nílé. Ìyàwó rẹ̀ ló wá sọ fún obìnrin náà lórí fóònù, bí ẹní ń ṣeré, láàárín ọ̀rọ̀ mìíràn.

Fúláàtì òkè ṣọ́ọ̀bù gíláàsì yẹn ni gbogbo ohun tí obìnrin náà ní. Tó bá ṣe onídùúró, tí nǹkan sì yíwọ́, fúláàtì náà ni báǹkì máa gbà. Ó lọ bá wọn ní báǹkì lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ parí ọ̀rọ̀. Ó bi òṣìṣẹ́ tó jókòó níwájú wọn: tí èlé bá gòkè ńkọ́? Tí a bá pẹ́ san oṣù kan ńkọ́? Tí ẹ̀gbọ́n mi bá ṣàìsàn ńkọ́? Ọ̀fun òṣìṣẹ́ náà gbẹ, ó lọ bu omi mu, ó padà wá bá ìbéèrè mìíràn.

Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ kàn án léjìká. "Bó ò bá fọwọ́ sí i, mi ò ní bínú. Tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́."

"Ẹ jẹ́ n..." ó ní. Kò parí ẹ̀. Ó gba bíírò, ó fọwọ́ sí i. Ìbuwọ́lù náà ò jọ tirẹ̀ rárá, débi pé òṣìṣẹ́ náà ní kó tún un ṣe.

Bí ilé ṣe di ti ẹ̀gbọ́n, wọ́n fi owó yàrá sí iye tó ṣe déédéé ti géètì pupa, wọ́n sì fòpin sí ẹ̀bùn káàbọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan bínú kó jáde. Èyí tó pọ̀ jù jókòó síbẹ̀, torí omi ń tú, ọ̀nà kíláàsì ò sì jìn. Nígbà tí họ́lidé gígùn dé, ilé náà pa lọ́lọ́, báǹkì ò sì mọ̀ pé họ́lidé wà. Obìnrin náà ti ní kí ẹ̀gbọ́n pín owó yàrá tó wọlé sí oṣooṣù, kó fi ti họ́lidé pamọ́, àmọ́ kò tó. Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló lọ sí ilé ìwòsàn tó wà nítòsí, ó bá wọn sọ̀rọ̀, ó sì kó àwọn nọ́ọ̀sì tó wá gba ẹ̀kọ́ ìgbà díẹ̀ wọ yàrá tó ṣófo. Kò bi àbúrò rẹ̀ léèrè. Ìgbà tí àbúrò máa fi gbọ́, wọ́n ti ń sá aṣọ funfun lójú fèrèsé. Ó lọ wo àwọn yàrá náà. Kò rí àléébù.

Ní ti Ẹ̀rín-ò-tán, ẹnì kan tó rìnrìn àjò bọ̀ ní òun rí i lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, ó ń mú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwé láràárọ̀, ẹ̀rín ò sì tíì tán lẹ́nu rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí Ẹ̀rín-ò-tán sọ, ti pé ó fẹ́ lọ bá ọmọ rẹ̀ yìí ni obìnrin náà ò gbà gbọ́ rárá, èyí náà ló sì jẹ́ òótọ́. Bóyá ojú ń kán an láti lọ ni ò jẹ́ kó janpata. Bóyá.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹ̀gbọ́n fẹ́ yáwó kọ́ yàrá sí i lẹ́yìn ilé. Báǹkì rán adíyelé tuntun wá, ọ̀dọ́kùnrin kan tó so táì mọ́rùn. Iye tó pe ilé náà ga débi pé ẹ̀gbọ́n fò sókè. Àbúrò rẹ̀ ní ó ti ga jù, kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ó mú téèpù rẹ̀, ó yí ilé náà ká láti òwúrọ̀, ó tún gbogbo rẹ̀ ṣírò lórí àtẹ̀gùn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kí i, wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Èyí tó rí fi díẹ̀ ga ju ti ọmọ onítáì yẹn lọ. Ó tún un ṣírò, bákan náà ni.

"Ṣé kí n yá a?" ẹ̀gbọ́n bi í.

Obìnrin náà pa téèpù dé. "Ẹ yá ìdajì," ó ní.

Ẹ̀gbọ́n yá ìdajì. Ilé ẹ̀yìn náà ti dé ojú fèrèsé báyìí, obìnrin náà sì ti ní kí àwọn bíríkìlà wó ẹ̀gbẹ́ ògiri kan tún mọ, torí kò gún tó lójú òun.